Ọ̀nà Àárín Ilé Méjì

Ní Tòróńtò, létí òpópónà Dọ́ńdáàsì,
ilé méjì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ bí eyín iwájú,
ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín.
Karmnu Zerafa, ọmọ Málítà, ló ni ti ọwọ́ ọ̀tún.
Ottavio Scimone, ọmọ Sísílì nílẹ̀ Ítálì, ló ni ti òsì.
Èmi ni mo ń wẹ Karmnu láràárọ̀,
tí mo ń ka oògùn rẹ̀ sínú ike oníhò méje,
tí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹsẹ̀ ọ̀tún kó tó kan òsì,
torí ó ní bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn
kó tó wọ ọkọ̀ apẹja.

Yìnyín bọ́ mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mu ènìyàn dé orúnkún.
Ta ni yóò kó ti ọ̀nà àárín?
Karmnu ní ọ̀dọ̀ Ottavio ni èyí tó pọ̀ jù wà.
Ottavio ní omi òrùlé Karmnu ló ń dì síbẹ̀.
Wọ́n mú ìwé ilẹ̀ jáde,
wọ́n ń fi ìka tó ń gbọ̀n tọ ìlà tí kò hàn mọ́.
Ẹni tó ń pín lẹ́tà dé, ó wo ọ̀nà, ó pẹ̀yìn dà.
Lẹ́tà àwọn méjèèjì bá a lọ.

Lọ́sàn-án, rédíò sọ̀rọ̀ lédè Málítà,
Karmnu ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi:
àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè méjèèjì ti jókòó,
wọ́n ní aládùúgbò làwọn, àwọn yóò túbọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀
lórí ọ̀rọ̀ ẹja, lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná,
lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lójú òkun,
kí ohùn wọn lè ṣọ̀kan níbi tí gbogbo Yúróòpù bá ti pàdé.
Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò.
Karmnu pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ń gé kárọ́ọ̀tì. N kò wí nǹkan kan.

Àwọn tó ń bọ̀.
Mo mọ ọ̀kan tí kò dé.
Abíọ́nà ni àbúrò mi ń jẹ́,
ìyá wa ń ti Ìlérò bọ̀ nígbà tó bí i.
Ọ̀nà ló fún wa, ọ̀nà ló gbà á padà.
Ọkọ̀ rọ́bà kan, ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́rin, fóònù kan.
Wọ́n pe Ítálì: Ítálì ní omi Málítà lẹ wà.
Wọ́n pe Málítà: Málítà ní Ítálì ló sún mọ́ yín jù.
Ẹnì kan tó yè sọ fún mi pé Abíọ́nà ló di fóònù mú,
pé ó ń wí pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà,
bí ẹni tó ń bẹ tísà,
títí bátìrì fi kú.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wẹ Karmnu, n kò sọ ọ́ rí.
Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo sọ ọ́.
Ó dákẹ́. Ó ní kí n bá òun mú bàtà yìnyín wá.
Arúgbó ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
tí dókítà ní kó má gbé ohun tó wúwo ju ife tíì lọ!
Mo ní kó má lọ. Ó lọ.

Ottavio rí i lójú fèrèsé, ó yọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì tirẹ̀,
bóyá ìjà ló bá wá.
Karmnu bá a sọ̀rọ̀ lédè Ítálì,
mo gbọ́ “arákùnrin”, mo gbọ́ “fóònù”.
Ottavio ṣí fìlà.
Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé e padà.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, ọ̀kan láti ìta, ọ̀kan láti ẹ̀yìnkùlé,
wọ́n ń sinmi, wọ́n ń bú òtútù, wọ́n ń bú ara wọn.
Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pàdé. Wọn ò parí rẹ̀.

Lóru, òmíràn tún bọ́.
N kò mọ ohun tí àwọn mínísítà ń ṣe lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.
Mo sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo dúró ní ìkóríta,
mo ń gbọ́ ṣọ́bìrì méjì lára kọnkéré.
Kò dùn létí.
Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ha ìdí ìkòkò,
bóyá yóò rí nǹkan bù
fún ẹni tó pẹ́ kó tó dé.