Ìgbòkun ní Ìkìjà

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
pé erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká.
Ṣọ́ọ̀kì jẹ mí níka tán,
n kò fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan ṣoṣo rí.
Omi tó jìn jù tí mo wọ̀ láyé mi
ni odò Ògùn, lẹ́bàá afárá Láfẹ́nwá.
Ó mù mí dé orúnkún,
ó sì gbé bàtà mi kan lọ.

Lóṣù tó kọjá, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti jẹ wá tipẹ́
wọ báńkì lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.
Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́
mo ti tẹ́ àwòrán ayé sórí tábìlì ìjẹun:
ọmọ ọlọ lórí igun kan,
agolo mílíìkì lórí èkejì,
ìgbọ̀nwọ́ mi lórí ẹ̀kẹta;
ìkẹrin ń ká sókè bí etí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Ibíwùmí, wá wò ó.
Sàó Tòmé rèé, Pírínsípè rèé,
hóró ata méjì tó já sínú ìkòkò aró.
Oṣù Agẹmọ ni ká lọ.
Nígbà tí òjò bá ń lu páànù wa níbí,
ẹ̀ẹ̀rùn ni lọ́dọ̀ wọn.
A ó háyà ọkọ̀ ìgbòkun fún ọjọ́ mẹ́wàá.
Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sí pé epo wọ́n,
atẹ́gùn ni yóò máa tì wá lẹ́yìn
bí ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé."

Kò gbójú sókè. Ẹ̀gúsí ló ń bó.
"Ta ni yóò máa fún ewúrẹ́ lómi?"
Mo ní Ṣótúnmbí.
"Ṣótúnmbí tó gbàgbé ọmọ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"
Mo dákẹ́.

Mo ra ìwé onílà kan, ẹ̀yìn dúdú.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó, méjì.
Ọsàn wẹ́wẹ́, ogún, nítorí èébì.
Gàárì Ìjẹ̀bú, kóńgò mẹ́rin.
Ìwé ìrìnnà: tèmi ti kú, tirẹ̀ kò tíì bí.
Mo pe Ilàjẹ kan tó mọ òkun bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀,
Máfimísẹ́bi ló ń jẹ́.
Orúkọ rẹ̀ ti jàre kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀wẹ̀?"
Mo ní mo mọ̀wé.
Ó rẹ́rìn-ín títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.

Ibíwùmí ní, "Nígbà tí ogun ń lé àwọn baba wa,
abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí.
Wọn ò sá sábẹ́ omi.
Ṣé wọn ò gbọ́n ni?"
Mo ní, "Odò tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá yìí,
ibo ló ń lọ? Òkun náà kọ́?
Láti ọjọ́ tí o ti wọlé mi
lo ti ń da omi ìfọṣọ sí i."
Ó ní, "Omi ìfọṣọ lọ.
Kò padà wá jíṣẹ́."

Mo ká ayé, mo tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.
Ọjọ́ mẹ́ta, a ò dárúkọ omi,
àfi èyí tí a fẹ́ mu.

Lóru àná, iná lọ.
Mo ń fọwọ́ wá ìṣáná, ìwé dúdú ni mo bà.
Mo ṣíná sí i. Ẹnìkan ti fi bírò pupa
fagi lé kóńgò mẹ́rin,
ó kọ mẹ́fà.

Mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ lẹ́yìnkùlé.
Ibíwùmí ló dúró lórí bẹ́ǹṣì wa tó kúrú lẹ́sẹ̀ kan,
ó dijú, ó na apá méjèèjì,
bẹ́ǹṣì ń mì lọ, ó ń mì bọ̀,
ìró rẹ̀ kún fún atẹ́gùn.
Mo sáré na ọwọ́ sí i.
Kò lajú.
"Má fọwọ́ kàn mí," ló wí.
"Ìṣẹ́jú mẹ́fà rèé, èébì kò tíì gbé mi."