Asẹ́ Orí Omi

Orí omi ni mo ń gbé, mo sì ń ra omi mu.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Èèkàn ọkọ̀ wa wà nísàlẹ̀ Gàǹájà, ní Lọ́kọ́ja,
níbi tí odò Ọya ti ń ru ẹrẹ̀ rẹ̀ bọ̀,
tí Bẹ́núé sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ jù ú lọ díẹ̀,
bíi tọkọtaya tí kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí Medúpin ń wa yanrìn,
tí mo ń dáná lórí pákó tó ń mì.
Yàrá kan, ẹní kan, igun kan fún ìkòkò,
àti Ìpinmóròtì, ọmọ ọdún mẹ́rin,
tó ń fi ife bu odò mu bí mo bá ti yíjú.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá.
Ikùn ọmọ mi lọ́tàá.
Lóṣù kẹjọ, taifọ́ìdì gbé e dè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Omi wo lẹ ń mu?"
Mo ní ti inú ọ̀rá.
Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀:
ọ̀rá a máa tán kí owó yanrìn tó dé.

Bí mo ṣe dé ìsọ̀ Ndagi nìyẹn.
Ó kí mi ní "Òkun o," ó fi Nupé kún un,
ó gbé ọ̀kan tó ń dán kalẹ̀,
ọpọ́n mẹ́ta, rọ́bà wíwé bí ìfun ewúrẹ́.
"Eléyìí, iyọ̀ inú òkun gan-an ló ń yọ."
Mo ní òkun jìnnà sí wa,
iná wo ni mo sì fẹ́ fi wà á?
Ó ní ife mẹ́ta ni yóò dà nù kó tó fún mi ní ẹyọ kan.
Mo ní mo ti ní àna tó jọ ọ́.

Ó gbé eléèédú wá.
Ó ń pa òórùn, ó ń jẹ́ kí omi dùn lẹ́nu.
Mo bi í bóyá ó ń pa kòkòrò.
Ndagi gbójú sókè, ó ń ka páànù.

Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ ti alámọ̀ síta lábẹ́ tábìlì:
korobá méjì lórí ara wọn,
ohun kan nínú wọn bí àbẹ́là funfun.
Kò bèèrè iná. Kò bèèrè páìpù.
"Àmọ́ ó lọ́ra," ó ní, "ẹrẹ̀ oṣù kẹsàn-án á sì dí i lójú.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ ó máa fi fọ̀ ọ́."
Ẹni tó sọ àbùkù ọjà ara rẹ̀ fún mi,
òun ni mo sanwó fún.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ẹrẹ̀, mo mọ ohun tí màá ṣe.
Ìyá mi ní Ìsánlú kì í bá omi jà.
Á ro álọ́ọ̀mù sí i, á jẹ́ kó sùn,
á fi aṣọ funfun tó ti gbó sẹ́ ojú rẹ̀,
á ní, "Ẹ má rù ú sókè, ó ń ronú."

Medúpin fi okùn àwọ̀n so korobá mọ́ òpó,
kókó mẹ́rin, nítorí ìjì.
Lóru a gbọ́ ọ: tó . . . tó . . .
bí omi ṣe ń kán lábẹ́ àpáta lókè ilé wa,
tí a ó tò sí, tí a ó sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn láìdáa
títí agbè a fi kún.
N kò mọ̀ pé mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òru yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ife àkọ́kọ́ kún.
Mo gbé e fún Ìpinmóròtì.
Ó wò ó sí oòrùn, ó rìn dé etí ọkọ̀,
ó dà á sínú odò, gbogbo rẹ̀,
ó ní kí odò náà tọ́ ọ wò.

Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún!
Mo ti na ọwọ́ láti gbá a létí,
ni mo bá jókòó, mo ń retí ife kejì.