Yàrá Tó Jìnnà Jù

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹlẹ́yẹlé,
mo ń fi ayùn gé páìpù,
oòrùn ọ̀sán ń se páànù bí ẹni ń se ẹ̀wà,
ni fóònù bá ké. Ládiméjì ni.
Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi,
tí kò mọ orí sípánà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé,
òun ló ń ṣe páìpù fún òyìnbó báyìí.

Èéfín ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀.
Mo ní, "Ṣé o ti ń mu sìgá ni?"
Ó ní, "Òtútù ni, Ọ̀gá."

Ó yí fóònù, ó fi irin kan hàn mí lára ògiri,
irin pẹlẹbẹ, tó yọ egungun ìhà
bí ajá tí olówó rẹ̀ rìnrìn-àjò.
Ó ní omi gbígbóná ni wọ́n ń rán sínú rẹ̀,
kì í ṣe fún wíwẹ̀, kì í ṣe fún èbà,
kó kàn máa lọ, kó máa bọ̀, kí ilé lè móoru.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
N'Ìbàdàn níbí, ta ló ń sanwó kí ilé òun lè gbóná?
Páànù ń ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.
Irin mẹ́sàn-án ló wà nílé ọ̀hún,
páìpù oríṣi mẹ́ta ló wà nílẹ̀:
mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjìlélógún.
Onílé fẹ́ mẹ́wàá káàkiri, torí kò wọ́n,
torí ó rọrùn láti fi pamọ́.
"Ọ̀gá, èwo ni kí n lò?"

Mo gbé ayùn sílẹ̀.
N kò fọwọ́ kan irú irin yẹn rí láyé mi,
àmọ́ mo mọ omi.

Ṣé mo sọ fún ọ rí nípa ilé Alàgbà Fájínmí l'Ológunẹ́rù?
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bàlúwẹ̀ mẹ́fà, táńkì kan ṣoṣo.
Bàbá ní kí n lo ààbọ̀ íǹṣì láti ìdí táńkì délẹ̀.
Èmi náà gbà, owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn mi.
Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, ìyàwó rẹ̀ fọṣẹ sára lókè,
ẹnìkan ṣí ẹ̀rọ nísàlẹ̀ láti fọ ìkòkò,
omi òkè dá wáí.
Ìyá yọrí lójú fèrèsé, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀,
ó ń pe orúkọ mi, kì í sì í ṣe fún àdúrà.
Páìpù ń súfèé nínú ògiri bí ẹni tí imú rẹ̀ dí.
Owó ara mi ni mo fi fọ́ ògiri yẹn.
Owó ara mi ni mo fi rẹ́ ẹ padà.

Má ka páìpù, Ládì. Ka ẹnu tó fẹ́ mu.
Èyí tó ti ibi ìgbóná jáde, jẹ́ kó sanra,
méjìlélógún; òun ló ru ẹrù gbogbo ilé.
Bó bá ṣe ń pín ni kó máa tínrín,
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún irin méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta.
Mẹ́wàá? Irin kékeré kan, nítòsí. Ó tán.
Má sì torí ìbẹ̀rù fi ńlá ṣe gbogbo rẹ̀:
omi tí ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ jù a máa ṣe fàájì,
á ti tutù kó tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Lẹ́yìn náà, lọ sí yàrá tó jìnnà jù.
Ta ló ń sùn níbẹ̀?
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyá tó bí onílé ni. Ó ti darúgbó."
Mo ní, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.
Ẹni tó sún mọ́ iná kò ní pariwo.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ọyẹ́ dé,
ètè àwọn ọmọ iṣẹ́ mi là, wọ́n ń pe ìyẹn ní òtútù.
Àwòrán kan wọlé: ọwọ́ arúgbó, funfun, iṣan aláwọ̀ aró,
tó tẹ́ sórí irin pẹlẹbẹ bí ẹni ń tu ọmọ nínú.
Ládì kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

Mo fi àtàǹpàkò kan ojú fóònù.
Ó gbóná.
Mo mọ̀ pé bátìrì ni, àti oòrùn Ẹlẹ́yẹlé,
síbẹ̀ n kò tètè mọ́wọ́ kúrò.