Àlejò Inú Èédú

Èésan tí ìyá mi, Ọmọtáyébí, dà nù níbi ìfúnpo ní Oǹdó
ni mo kó wá sí Àkúrẹ́ nínú àpò sìmẹ́ǹtì.
A jó o láìjẹ́ kó rí atẹ́gùn mí,
a tún fi ooru omi fín in
títí inú rẹ̀ fi di ilé oníyàrá tóóró,
yàrá tí fọ́nrán irun kan kò lè wọ̀.
Ẹ̀kúnwọ́ kan péré, bí a bá lè tẹ́ ẹ sílẹ̀,
yóò bo pápá bọ́ọ̀lù, yóò tún ṣẹ́kù.

Lóṣù Ṣẹẹrẹ, tí ọyẹ́ ń la ètè,
mo gbé e sórí òṣùwọ̀n.
Òórùn bẹntiróòlù wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
ó fara ti ògiri bí ọmọ onílé.
Omi dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Omi kò bá èédú tan.
Nọ́ńbà kò mira.
Ọ̀gbẹ́ni Akínlàjà ní, "Ó ti bàjẹ́, dà á nù."
N ò dà á nù.

Òjò dé. Odò Àlà kún dé abẹ́ afárá,
ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ ò gbẹ lórí okùn.
Níbi tí iná ti ha ògiri èédú lára,
níbi àpá kékeré tí ọ̀síjìn lẹ̀ mọ́,
eérún omi kan ṣoṣo ríbi fẹsẹ̀ lé.
Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó fa àbúrò rẹ̀,
àbúrò fa ìyekan,
wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri, wọ́n kọjú síra wọn
bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún lága.
Lójijì, yàrá kún.
Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni. Nọ́ńbà gùn bí ọ̀bọ.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe dé Ìsìnkàn:
ẹ̀gbọ́n mi kan, yàrá kan, onílé tí kì í kíni.
Nígbà tó yá, àwa mẹ́jọ lórí ẹní kan.

Ọyẹ́ ti padà báyìí.
Ọ̀rinrin tó mú omi wọlé ti relé tipẹ́,
omi kò lọ.
Wọ́n ṣì di ọwọ́ ara wọn mú.
Ọ̀nà àbọ̀ kọ́ ni ọ̀nà àlọ.
(Onílé wa ti ní ká kó jáde láti Àjíǹde.)

Ìyá mi bi mí lórí fóònù lálẹ́ àná,
"Kí lẹ ń fi pàǹtí mi ṣe gan-an?"
Mo ní, "À ń ka àlejò, Màmá.
Wọn ò tíì lọ."