A Ò Ka Àtẹ̀gùn Náà Tán

Ní ọdún tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì,
mo tò sórí ìlà nínú òtútù, mo sanwó,
mo gun òkè lọ wo ilé ọba kan tó ti wó lápá kan.
Mo fọwọ́ pa ògiri rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lórí.
Mo ya fọ́tò mẹ́tàdínlógún.
Wọ́n ní ọba tó gbé ibẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́;
mo ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."
Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìbíronkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá dé sí Àkúrẹ́,
ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàtà rẹ̀ ń tan iná ní gìgísẹ̀.
Ó ní, "Àǹtí, ààfin tiyín ńkọ́?"
Ẹnu mi wọhò.
Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń kọjá ní Ọjà Ọba,
mo ra ata, mo ra iṣu, mo bá wọn ná ọjà títí wọ́n fi bínú,
mi ò yà wọ ẹnu ọ̀nà yẹn rí.

Bàbá tó mú wa wọlé ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀.
Ùà lẹ́yìn ùà, bí a ṣe ń pe àgbàlá nílẹ̀ wa nìyẹn.
Ùà Ìkómọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Ùà Ùbúra:
"Ẹ má purọ́ níbí o," bàbá wí,
kíá ni Ìbíronkẹ́ jẹ́wọ́ pé òun lòun jẹ ẹran àná.
Ògiri amọ̀ náà nípọn, ó tutù bí ikùn ìkòkò omi.
Mo fara tì í.
Mi ò rántí fóònù.

Ọ̀sán la wọ mọ́tò lọ sí Ìdànrè.
Wọ́n sá kòkó sí ẹ̀bá títì,
òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, bí ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú.
Ọmọ náà di imú.
Ṣokoléètì tó gbé wá láti ọ̀hún ti yọ́ sínú àpò rẹ̀,
ó ń fi ọwọ́ kejì lá a.
Awakọ̀ wo dígí:
"Ohun tí o di imú fún náà lò ń lá yẹn o."

Àwọn òkè náà ò yọ díẹ̀díẹ̀.
Wọ́n kàn dúró lójijì, bí àna tí a jẹ ní gbèsè.

Ó ń ka àtẹ̀gùn ní èdè ibi tí wọ́n bí i sí:
áínsì, súfáì, dírái.
Orúnkún lèmi fi ń kà á.
Ní ibùsinmi kejì mo pe Ọlọ́run,
ní ìkẹta mo pe ìyá mi,
ní ìkẹrin mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́.
Aláǹgbá kan sáré kọjá,
iye náà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ.
"Ṣé ká padà sísàlẹ̀ ká tún un kà?"
Mo ní kó lọ bi aláǹgbá.

Lókè, ìlú wà, ará ìlú ò sí.
Àwọn òpó ààfin àtijọ́ ṣì ru òrùlé,
kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́.
Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, kò kan ilẹ̀kùn.
Lẹ́yìn ilé kan tí ògiri rẹ̀ kù dé orúnkún
òkúta mẹ́ta kó orí jọ nínú koríko.
Ìbíronkẹ́ jókòó lórí ọ̀kan, ó so okùn bàtà.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délé, wọ́n ti mú iná lọ.
Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ nínú òkùnkùn.
"Nígbà tí ìlú ń sọ̀ kalẹ̀," ó ní,
"gbogbo ẹrù ni ìyá mi rù, àfi ààrò.
Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mi ò mọ ààrò ta ni mo rí.
Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí ò ní jẹ́ irọ́,
ni Ìbíronkẹ́ bá kẹ́yìn sí i:
"Màmá àgbà, mo jókòó lé e. Ẹ fọwọ́ kan aṣọ mi,
eruku rẹ̀ nìyí."

Ìyá mi fọwọ́ kàn án,
ó gbé ìka náà sí imú.