Ohun Tí Ẹ̀rọ Rí Ní Ìbàdí

Wọ́n ní kí n tú bẹ́líìtì, kí n yọ yẹtí,
ohunkóhun tó bá ti jẹ́ irin, kí n kó o sínú abọ́.
Ẹ̀rín pa mí. Ní Sheffield níbí,
ìlú tó ti ń rọ irin láyé baba ńlá wọn,
tí ṣíbí rẹ̀ dé inú àpótí ìyá àgbà n'Íjẹ̀bú-Igbó,
èmi ni wọ́n ní kí n má mú irin wọlé.

Hazel tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní kí n nà gbalaja.
Apá ẹ̀rọ náà ń rìn lókè mi, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sórí ẹní.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí.
Kò síbi tó ń dùn mí.

Màmá ló yọ̀ lórí yìnyín lóṣù kejì
níbi tí òkè Walkley ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀.
Ìṣubú kékeré, irú èyí tí ọmọdé ń ṣubú
tó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ nù.
Ìbàdí rẹ̀ dá bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ.
Dókítà bi í pé, ìyá tìrẹ ńkọ́?
Ó dákẹ́. Ó ní, ó ti tẹ̀ kó tó kú;
a rò pé igi ìdáná tó ń rù ni.

Ẹni bíni là á jọ.
Mo ti rò pé ojú ni wọ́n ń wí,
pé èjí iwájú ẹnu ni.
N ò mọ̀ pé ó wọ inú eegun lọ,
pé ogún kan wà tí ẹbí kì í jókòó pín,
tí ẹnikẹ́ni kì í tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù.

Ti Ládélé àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá,
Ládélé tí a máa ń ní kó dín ìrẹsì kù,
tó ń gbé páálí nílé ìkẹ́rù lóru:
eegun rẹ̀ funfun, ó kì,
bí òfì tí ahunṣọ kò fi òwú ṣahun.
Ìyá kan náà.
Dókítà ní kì í ṣe ọ̀rá ló ṣe é;
iṣan tó wà lábẹ́ ọ̀rá ló ń fa eegun lójoojúmọ́,
tó ń wí fún un pé, múra, ẹrù ń bọ̀.
Ọ̀rá lásán, ẹrù ni, kì í ṣe alárù.

Tèmi ṣí bí aṣọ àsẹ́.
Ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn àǹtí máa ń yìn:
"Ti ìyá ẹ lo gbé wáyé."
N ò sọ fún dókítà nípa ọdún tí mo pé mẹ́tàdínlógún,
tí mò ń wọn búrẹ́dì lórí ìwọ̀n,
tí mò ń da ọbẹ̀ sílé ìyàgbẹ́,
tí nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, tí inú mi dùn.
Bóyá ẹ̀rọ ti sọ fún un.

Ó ní eegun ń dá èsúsú títí di bí ọgbọ̀n ọdún;
lẹ́yìn náà, kìkì kíkó ló kù.
Ọdún méje. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìka.

Mo sọ̀ nínú tíráàmù ní ìsàlẹ̀ òkè.
Mo ra ìrẹsì kílò mẹ́wàá, mo gbé e léjìká,
itan mi ń gbóná, òjò wínníwínní ń lù mí lójú.
Màmá rí mi láti ojú fèrèsé,
ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan gíláàsì:
"Ìbírónkẹ́! Bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́ lónìí ni?"