Ohun Tí N Ò Béèrè

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lọ ilé ìwòsàn ní Kábà
láti Ògìdì, lẹ́yìn ọ̀kadà ọmọ Bámitẹ́ẹ̀,
kí wọ́n lè fi òwú nu ẹnu ilé ọmọ mi wò
bóyá jẹjẹrẹ ti ń yọ́ ìlẹ̀kùn ṣí.
Mo máa ń bọ́ pátá mi, mo máa ń ká a sínú báàgì
bí ẹni tó ń fi owó pamọ́,
mo máa ń wo àjà, mo máa ń ka ojú ìṣó.
Irin ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ á wọlé, tútù bí àpáta wa nígbà ọyẹ́,
dókítà á ní, "Ó dáa, ìyá, ẹ dìde."
Èmi náà á dìde. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti wò.

Ta ni kì í rò bẹ́ẹ̀?
Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò títí dé yàrá
á ṣebí àlejò ti rí gbogbo ilé.

Lọ́dún yìí, nọ́ọ̀sì tuntun ni mo bá lórí ìjókòó,
Bọ́látitó, ọmọ olórí akọrin ìjọ wa.
Ó ní, "Ọ̀kun o, ìyá."
Mo ní, "Ọ̀kun."
Ojú mi wálẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn òkè mi lọ́jọ́ ìsinmi
ló fẹ́ wo ìsàlẹ̀ mi yìí.

Ó béèrè ìgbà tí nǹkan oṣù dé kẹ́yìn, mo sọ.
Ó béèrè bóyá ojú ara ń yún mi, mo ní rárá.
Ó wá gbé bírò sílẹ̀:
"Àwọn àrùn tí ń ti orí ibùsùn wá ńkọ́, ṣé ẹ ti yẹ̀ wọ́n wò rí?"
"Ṣé kì í ṣe òun náà lẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí ni?"
Ó mi orí. "Ti jẹjẹrẹ nìkan ni. Òwú kan, ìbéèrè kan.
Ohun tẹ́ ò bá béèrè, a kì í sáábà dáhùn ẹ̀."

Ọdún mẹ́rin!
Mo rántí aṣọ kan tí mo hun: fọ́nrán pupa kan já lábẹ́,
ojú ò rí i, ọwọ́ ò bá a,
àpásà ń lù ú mọ́ àwọn yòókù lára
títí aṣọ fi di títà, tí oníbàárà fi gbé e padà wá.

Kí ni kí n sọ? Pé ilé ọkọ ni mo wà?
Ọkọ mi ń wa tírélà, símẹ́ńtì Ọ̀bàjáná ló ń kó lọ Kánò,
ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí ló ń sùn.
N ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Èmi náà
ti ṣe ọmọge rí, kí n tó mọ̀ ọ́n.
Bọ́látitó ò wò mí bí ọmọ olórí akọrin.
Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe ìwà la fẹ́ yẹ̀ wò. Ara ni."

"Ṣe é," ni mo wí. Ohùn òkè ò jáde.
Ìtọ̀ nínú ike. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò tín-ín-rín.
Òwú mìíràn.
Kò gùn tó àkókò tí mo fi ń ki òwú sínú ọ̀kọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún níwájú òfì.
Kò sí éèdì, kò sí rẹ́kórẹ́kó.
Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí kì í pariwo,
kì í yún ni, kì í rùn,
ó kàn jókòó bí àlejò tí kò bọ́ fìlà.
"Oògùn ń lé e lọ," ló wí. "Àmọ́ ẹni méjì ni yóò lò ó."

Ẹni méjì.
Àṣálẹ́ Sátidé ni tírélà máa ń dé oríta.
Iyán ti wà nínú kúlà. Páálí oògùn méjì wà lórí tábìlì,
tèmi ti ṣí, tirẹ̀ ṣì lẹ̀ pa.
Mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún òfì, mo ti sọ ọ́ fún ògiri,
lẹ́ẹ̀kan bí ìjà, lẹ́ẹ̀kan bí ẹ̀bẹ̀.
Èyí tó kù sí mi lẹ́nu kò ju báyìí lọ:
Mo béèrè. Wọ́n dáhùn. Ó kù ọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ rèé lójúde.
"Ọ̀kun o," ló wí,
mo sì fa àga kejì.